Bí Kòkó Tuntun Ṣe Lè La Ẹ̀rùn Já Nígbà Tí Ayé Ń Gbóná Yìí

Inú oṣù kejì ọdún 2016 ni mo ka òkú ọmọ kòkó mi. Mo mú ìwé àti bírò dání, mo ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti orí òkè wá sí etí odò, èyí tó bá ti kú, mo fa igi kan sínú ìwé. Nínú 600 tí mo gbìn ní oṣù karùn-ún ọdún tó ṣáájú, 412 ló ti lọ. Ewé wọn ti pọ́n, ọyẹ́ ti ká a kò. Mo fi ọwọ́ kan igi ọ̀kan báyìí, ó dá pẹ́kẹ́. Nígbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo jókòó sórí kùkùté ìrókò kan, mo sunkún títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi lórí, kò sì sí igi kan nítòsí tí mo lè sá sí lábẹ́.

Èmi ni mo ta ìrókò tó wà lórí kùkùté yẹn. Èmi ni mo ta afàrà mẹ́ta àti ayùnrẹ́ méjì mọ́ ọn fún àwọn agégẹdú, kí n lè rówó san fún àwọn tó bá mi ṣán oko.

Oko bàbá mi ni, hẹ́kítà mẹ́rin, lẹ́bàá Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́ kí bàbá tó papò dà ní 2013, tí oko fi di tèmi. Bàbá ló kọ́ mi ní kòkó gbígbìn láti kékeré: tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta, kí á máa gbẹ́ ihò, tó bá di oṣù karùn-ún, kí á gbìn. Mo tẹ̀lé kàlẹ́ńdà bàbá láìyẹsẹ̀. Ohun tí n kò fiyè sí ni pé abẹ́ igi ni bàbá ń gbin tirẹ̀ sí, àti pé ojú ọjọ́ tó kọ́ ọ ní kàlẹ́ńdà yẹn kì í ṣe irú èyí tí mo bá.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ní oko tiwọn ní òdìkejì odò. Ọdún kan náà la jọ gbìn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, mo bá ọmọ kòkó wọn lábẹ́ ayùnrẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, tútù, ewé tuntun ń yọ lórí òmíràn. Wọ́n wo ojú mi tó wú, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ní kí o bọ́ aṣọ lára ilẹ̀ nígbà tí oòrùn ń le sí i?" N kò rí èsì fọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Ohun tí wọ́n kọ́ mi, pẹ̀lú èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àgbẹ̀, àti èyí tí oko fúnra rẹ̀ fi hàn mí láti ìgbà náà, ni mo kọ síbí fún ẹni tó bá fẹ́ gbin kòkó tuntun tàbí tó fẹ́ tún ti bàbá rẹ̀ ṣe.

Ibi tí ooru yìí ti ń wá

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kòkó rí yóò tètè lóye ohun tó ń ṣe ayé. Bí a bá fọ́ kòkó tán, a ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé náà wò, kíá lẹ ó fà á jáde. Ewé kọ́ ló dá iná. Inú kòkó ni ooru ti wá, ewé ni kò jẹ́ kó rí ọ̀nà lọ. Bí ẹ bá tún fi ewé mìíràn lé e, yóò tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká. Oòrùn ń ràn wọlé, ilẹ̀ ń gbà á, ilẹ̀ á gbóná, ooru náà á fẹ́ padà sókè. Àwọn gáàsì kan wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń dá a dúró bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú àwọn tí ọwọ́ èèyàn ń fi kún un, carbon dioxide ni olórí, methane tẹ̀lé e. Bí wọn ò bá sí rárá, òtútù ì bá ti pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ewé náà ti ń nípọn jù. Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde ní Yúróòpù, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 280 ni ti carbon dioxide níbẹ̀. Nígbà tí Charles Keeling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, ó ti di nǹkan bí 315. Ní 2024, ó ti kọjá 420.

Èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì tí wọ́n ń sun láti fi ṣe iná mànàmáná, láti fi wa ọkọ̀, láti fi ṣe sìmẹ́ńtì àti irin, ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń sun ún láti ọjọ́ pípẹ́ ló jẹ gbèsè jù. Gbogbo Áfíríkà pọ̀, ohun tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dún kò ju bí 4 nínú 100 lọ. Síbẹ̀ ọwọ́ tiwa náà kò mọ́ tán. Ní Niger Delta, ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti ń dáná sun gáàsì tó ń bá epo jáde, tọ̀sán tòru. Igbó tí a ń gé sì wà níbẹ̀. Igi máa ń fa carbon dioxide sínú ara rẹ̀, ó fi ń di igi. Ọjọ́ tí a bá gé e, tí a sun ún tàbí tó jẹrà, gbogbo rẹ̀ á padà sáfẹ́fẹ́. Ìrókò tí mo tà, ó ṣeé ṣe kó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tó ti ń kó o jọ. Ẹ̀ka rẹ̀ tí àwọn agégẹdú kò kó lọ, èmi ni mo ṣáná sí i lójú ara mi.

Ọdún 2024 ni ọdún tó gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé. Ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju bó ṣe rí láàrin 1850 sí 1900 lọ. Ó lè dà bíi pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n kan péré gbóná sí i, omi tó lè gbà mọ́ra á fi nǹkan bí 7 nínú 100 lé sí i. Afẹ́fẹ́ tó gbóná, afẹ́fẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ ni. Nínú ẹ̀rùn, yóò máa fa omi lára ewé àti lára ilẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà òjò, omi tó ti kó jọ yẹn á ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹnìkan náà fi lè ráhùn ẹ̀rùn àti àgbàrá nínú ọdún kan, tí kò sì purọ́. Ẹ rántí ooru oṣù kejì 2024, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní gúúsù Nàìjíríà títí dé Ghana. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé gbígbóná tí ayé ń gbóná ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ọmọ abẹ́ igbó ni kòkó. Láti igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un wá, níbi tí àwọn igi gíga ti ṣíji bò ó. Gbòǹgbò àárín rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó fi ń jẹun, òkè lókè ló wà, kò jìn ju bí ìbú ọwọ́ méjì mẹ́ta lọ. Ọmọ kòkó olóṣù mẹ́fà kò tíì ní gbòǹgbò tó lè wá omi lọ sísàlẹ̀. Ọyẹ́ á fà á lókè, ilẹ̀ gbígbẹ á fà á nísàlẹ̀, oòrùn á sì dúró lé e lórí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀nà tí a fi lè gba ọmọ kòkó lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yìí ni.

Ìbòji ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló ń ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ gbin kòkó ní oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, ọdún yìí ni kí ẹ ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀, kí gbogbo òjò ọdún kan lù ú kí kòkó tó dé bá a. Mítà mẹ́ta láàrin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí èkejì; kòkó náà, mítà mẹ́ta sí ara wọn, kí kòkó kọ̀ọ̀kan bọ́ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin. Èyí á fún yín ní nǹkan bí 1,100 igi kòkó nínú hẹ́kítà kan. Tí ẹ bá ní kí ẹ gbin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, bí mo ṣe ṣe ní 2015, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ṣì wà ní ìwọ̀n orúnkún nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Kí ló lè ṣíji bò?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní pẹ́ lọ títí. Ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ẹ gbin igi ńlá pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dún kan náà. Ayùnrẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, oòrùn ń gba inú rẹ̀ já díẹ̀díẹ̀, ewé tó bá sì já bọ́ á di ajílẹ̀, torí ó wà lára àwọn igi tó ń fa oúnjẹ ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, CRIN, Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn ló wà. Ìdí igi yìí gan-an ni orúkọ àdúgbò náà. Bí mo bá gbọ́ ọ, inú mi máa ń dùn. Afàrà náà dára, ó ń ga sókè kó tó na ẹ̀ka. Ẹ lè fi agbálùmọ̀, ọsàn tàbí òro sí i kí ẹ lè máa rí nǹkan tà lọ́dún tí kòkó bá kùnà. Mo ní agbálùmọ̀ méjì tó ti ń san owó ilé-ìwé ọmọ.

Àràbà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó máa ń gba kòkòrò àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú sílé, ẹ má fi í ṣe ìbòji.

Igi ńlá kò gbọdọ̀ pọ̀ jù náà. Ní Ghana, 15 sí 18 igi ńlá nínú hẹ́kítà kan ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo ń rin ìṣísẹ̀ 30 láti ìdí igi kan kí n tó gbin èkejì. Bí igbó yín bá ti ní igi tẹ́lẹ̀, ẹ ka iye tó wà kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ agégi wọ ibẹ̀. Owó tí wọ́n san fún mi lórí ìrókò yẹn kò tó ra irúgbìn tí mo pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú ìrora. Ní 2024, ìkórè Ghana àti Ivory Coast já wálẹ̀, owó kòkó lọ́jà àgbáyé sì fò kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan. Nínú oṣù kejìlá, ó kọjá 12,000. Òjò àrọ̀jù, àrùn, ẹ̀rùn líle, gbogbo rẹ̀ ló pàdé níbẹ̀. Kí ni àwọn èèyàn ṣe lọ́dọ̀ tiwa? Wọ́n gbé àdá, wọ́n wọ igbó tó kù láti lọ gbin kòkó tuntun sínú oòrùn. Ooru wà lára ohun tó mú kòkó wọ́n nígbà náà, a sì tún gé ohun tó ń dín ooru kù torí pé kòkó wọ́n. Òfin Yúróòpù kan tiẹ̀ wà nílẹ̀ báyìí pé kòkó tó bá ti inú igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn 31 oṣù kejìlá 2020 wá, wọn ò ní gbà á. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá fún igbó gígé kò yẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá yín ti gbin kòkó sí rí, tó ti gbó, òun ni kí ẹ padà sí.

Nọ́sìrì

Oṣù kìíní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nọ́sìrì, kí ọmọ kòkó lè pé oṣù márùn-ún nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Ẹ má kàn já èso lórí igi aládùúgbò. Bí ẹ bá lè dé CRIN, ẹ lọ ra irúgbìn níbẹ̀. Wọ́n gbé oríṣi mẹ́jọ jáde ní 2010 tó ń tètè so. Hóró kòkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn, torí náà láàrin ọjọ́ mélòó kan tí ẹ fọ́ ọ ni kí ó ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ fi eérú tàbí iyanrìn fọ omi fífà ara rẹ̀ kúrò. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú òkè igbó sínú ọ̀rá dúdú tó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ tẹ́ hóró kòkó kan ní ìdùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kó má jìn ju oríkèé ìka kan lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, yóò gbé orí sókè, yóò sì ru hóró náà lé orí bí ẹni tó ru igbá. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí nọ́sìrì, ẹ sì máa bomi rin ín láràárọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe wà níbí. Ní oṣù tó kẹ́yìn, ẹ máa yọ imọ̀ ọ̀pẹ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ sì dín omi kù: ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kòkó tí ẹ kẹ́ títí di ọjọ́ gbígbìn, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rí oòrùn ló máa ṣubú.

Ẹ má gba àkọ́rọ̀ òjò gbọ́

Níbí ni kàlẹ́ńdà bàbá mi ti já mi sílẹ̀. Lọ́dún kan, àkọ́rọ̀ rọ̀ nínú oṣù kẹta, gbogbo abà kún fún ayọ̀, àwọn èèyàn gbẹ́ ihò, wọ́n sì gbìn kíá. Ó tó ọjọ́ 33 lẹ́yìn náà kí èkejì tó rọ̀ lóko mi. Mo mọ̀ ọ́n torí pé mo ti ń kọ òjò sílẹ̀ nígbà yẹn.

Kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ wá ike omi ńlá tí ara rẹ̀ dúró gbọọrọ, ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, ẹ dojú orí náà dé, kí ẹ fi tì í bọ inú rẹ̀ bí àrọ, kí omi má baà gbẹ. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kó má ṣubú, ẹ bu omi sí i títí yóò fi dé ibi tí ike náà ti dúró gbọọrọ, ẹ fàlà síbẹ̀: òun ni òdo yín. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ lẹ rúlà ọmọ ilé-ìwé mọ́ ọn lára. Ẹ gbé e sí gbangba, níbi tí igi tàbí páànù kò ti ní ta omi sí i. Ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́, ẹ da omi òjò náà nù títí dé òdo. Mílímítà kan nínú ike yẹn, lítà omi kan ni lórí mítà kan níbùú lóròó ilẹ̀ yín. Bí ẹ bá ka 20, ilẹ̀ tí ọmọ kòkó kan dúró sí ti mu 20 lítà nìyẹn lórí mítà kọ̀ọ̀kan, bí àgbàrá kò bá gbé e lọ.

Òfin tí mo fún ara mi ni pé n kò gbọdọ̀ gbin kòkó kan àfi tí òjò bá rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọjọ́ 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju 20 mílímítà lọ. Lẹ́yìn náà, mo tún ń ti àdá bọlẹ̀. Bí ojú àdá bá wọlé títí dé èèkù láìfi tipá, tí ó sì jáde pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ lára, ilẹ̀ ti mu yó. Ọdún kan wà tí èyí kò ṣẹlẹ̀ àfi ìgbà tí oṣù kẹfà ti ń parí lọ. Mo dúró. Àwọn tó rẹ́rìn-ín mi wá ra ọmọ kòkó lọ́wọ́ mi ní oṣù keje láti fi dí àlàfo tiwọn. Ẹ tún máa gbọ́ ohun tí NiMet, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀, bá sọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún nípa ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí, kí ẹ fi wé ìwé tiyín.

Kòkó fẹ́ òjò tó tó 1,250 mílímítà ó kéré tán lọ́dún, kò sì fẹ́ kí oṣù tí òjò rẹ̀ kò tó 100 mílímítà ju mẹ́ta lọ. Bí ìwé yín bá fi hàn pé oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń gbẹ báyìí, ẹ fi ìbòji kún un, kí ẹ sì gbin etí odò ṣáájú orí òkè.

Ọjọ́ gbígbìn fúnra rẹ̀ kò le. Ihò tó tó 30 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti nísàlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Ẹ rẹ ọ̀rá sómi dáadáa, ẹ ya á, kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ má fọ́. Tí gbòǹgbò àárín bá ti ká lábẹ́ ọ̀rá, ẹ gé ibi tó ká náà. Kí ọrùn rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ilẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́.

Kí ọyẹ́ tó dé

Iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí kòkó là jù lọ, ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń ká kòkó àgbà ní àkókò yìí, wọn kì í ráàyè wo ọmọdé. Ẹ wáyè.

Ìyá Àgbà ló kọ́ mi bí a ṣe ń bo ìdí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ fa koríko tó wà nídìí kòkó, wọn kò fi ọkọ́ kàn án, torí ọkọ́ á gé gbòǹgbò òkè. Wọ́n gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti gé orí rẹ̀, wọ́n là á sí méjì, wọ́n dojú inú rẹ̀ bolẹ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì ọmọ kòkó náà. Wọ́n wá kó ewé gbígbẹ àti èèpo kòkó tó ti jẹrà lé e títí ó fi nípọn tó ìbú ọwọ́ kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìka méjì ya ewé kúrò lára igi kòkó yíká. "Má fi aṣọ fún un lọ́rùn," ni wọ́n wí. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé bí ewé bá kan igi náà, ikán àti ìjẹrà á gbabẹ̀ wọlé. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi ló kún inú rẹ̀. Nínú oṣù kìíní, tí ilẹ̀ ti là, mo ṣí ọ̀kan wò: abẹ́ rẹ̀ tutù, ekòló sì wà níbẹ̀.

Èyí tí mo fi kún ti Ìyá Àgbà ni ike omi. Mo ń ṣa ike lítà kan ààbọ̀ láàrin ìlú, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò kan ṣoṣo sí ìdí rẹ̀, mo rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ìdí kòkó, mo rọ omi sí i, mo dé e, kí n tó tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀. Omi á máa kán lọ sí gbòǹgbò fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta dípò kó gbẹ lójú ilẹ̀. Ọjọ́ kẹrin kẹrin ni mo ń rọ ọ́, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti le títí òjò fi dé. N kò lè ṣe é fún gbogbo oko; àwọn tó wà lórí òkè, tí ilẹ̀ wọn jẹ́ iyanrìn, ni mo ń ṣe é fún. Bí ẹ bá lówó, ẹ ra táǹkì sí orí òkè. Bí ẹ kò bá ní, kèrègbè àti ọmọ yín lópin ọ̀sẹ̀ tó.

Iná ńkọ́? Bàbá mi kò gbàgbé ẹ̀rùn 1983 títí wọ́n fi kú. Iná jó oko kòkó púpọ̀ ní Ghana àti Ivory Coast lọ́dún náà, ó sì jó apá kan oko tiwa. Nínú oṣù kejìlá, ẹ ṣán etí oko yíká ní ìwọ̀n mítà márùn-ún, ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ fi hàn. Ẹ lọ bá ọdẹ àti darandaran tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ kí wọn, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó di pé ẹ̀ẹ̀fín yọ. Kí ẹ̀yin náà má dáná sun oko mọ́.

Má sì gé ẹ̀ka ìbòji kankan láti oṣù kọkànlá títí òjò fi padà.

Nígbà tí òjò bá wá pọ̀ ní oṣù keje, ọ̀rọ̀ á yí padà: ìbòji tó nípọn jù á mú ìrì dúró, èso á sì máa dúdú lórí igi. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gé díẹ̀ lára ẹ̀ka ayùnrẹ́, kí ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ kòkó kọjá. Èso tó bá dúdú, ẹ já a lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé e jáde kúrò lóko. Òjò tó ń ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń wọ́ ilẹ̀ lọ lórí òkè. Mo ń to ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìbú òkè láti fi dí i lọ́nà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, mo tún mú ìwé àti bírò. 300 ni mo gbìn ní òjò tó ṣáájú. Mo tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bíi ti ọjọ́sí, láti orí òkè wá sí etí odò, mo fa igi fún èyí tó kú. Ó jẹ́ 34. Ìyá Àgbà ti dàgbà jù láti sọdá odò, nítorí náà mo gbé ìwé náà lọ fún wọn nílé, mo sì ń kà á sí wọn létí. Wọ́n béèrè iye tó kú nínú àwọn tó wà lórí òkè. Mo ní 27. Wọ́n ní ibẹ̀ ni kí n tún fi ayùnrẹ́ sí.

Èso ayùnrẹ́ máa ń gbó nínú ẹ̀rùn. Èèpo tó di hóró rẹ̀ sínú á pọ́n, á sì pẹlẹbẹ bí ìwé. Ẹ ṣà á kí òjò tó dé, ẹ yọ hóró rẹ̀, ẹ da omi gbígbóná tí kò tíì hó lé e, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ni kí ẹ gbìn sínú ọ̀rá.